Ilẹ̀kùn Tí Àwọn Obìnrin Kọ́kọ́ Ń Kàn

Bí ẹ bá dé Odigbo tí ẹ sì béèrè ilé Joanna, wọn yóò kọ́kọ́ bi yín pé Joanna wo, ṣé Joanna tó ń dín gàrí ni àbí Joanna olóhùn. Ẹnì kan náà ni wọ́n. Ìyàwó Abraham káfíńtà ni, ó sì ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Kò ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá la ẹnu orin nídìí agbada gàrí, àwọn tó ń já kòkó ní òdìkejì odò á gbọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ Àjíǹde ni wọ́n bí i. Ìyá rẹ̀ wà lára àwọn tó fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ ilé àdúrà wọn nígbà tí ìjọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá yìí ló sọ ọ́ ní Joanna, nítorí Joanna wà lára àwọn obìnrin tó jí lọ sí ibojì Jésù ní kùtùkùtù, tí wọn kò bá òkú níbẹ̀. Láti ayé ìyá náà ni àṣà kan ti wà nínú ìjọ. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Àjíǹde, kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn obìnrin á wọ sùtánà funfun, wọn á di àmùrè, wọn á mú agogo àti àbẹ́là, wọn á sì jáde láìwọ bàtà. Ilẹ̀kùn olórí ìjọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń kàn, torí áńgẹ́lì ló ní kí àwọn obìnrin lọ sọ fún Pétérù. Ẹni tó gbé ohùn á ké pé, "Olúwa jíǹde." Olórí ìjọ á ṣílẹ̀kùn, á dáhùn pé, "Ó jíǹde ní tòótọ́." Bí kò bá tíì dáhùn, wọn kì í lọ sí ilé kejì. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá máa yí ìlú ká láti ojúlé dé ojúlé.

Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, Joanna ló gba ohùn náà. Kì í ṣe ohun kékeré lójú rẹ̀. Òun ló ń fọ aṣọ pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gun ibi tí pẹpẹ wà. Òun ló ń gbálẹ̀, tó ń pọnmi, tó ń dáná fún àlejò. Nígbà èwe rẹ̀, bí nǹkan oṣù rẹ̀ bá dé, ìta ló ń jókòó sí gbọ́ ìwàásù. Nínú gbogbo ọdún, ìgbà kan ṣoṣo ni ìjọ nílò ẹnu rẹ̀, òwúrọ̀ yẹn náà sì ni.

Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n gbé pásítọ̀ tuntun wá fún wọn. Jésùtọ́pẹ́ lorúkọ rẹ̀, ọmọkùnrin tó mọ̀wé, tó níwà, tó ń dọ̀bálẹ̀ kí àgbà. Ó tún òrùlé ilé àdúrà ṣe, ó sì ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Joanna fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni pásítọ̀ yìí dìde, tó kéde pé àlejò ń bọ̀ láti olú ìjọ, àti pé òun fẹ́ kí nǹkan létò lọ́dún yìí. Àwọn ọkùnrin ni yóò fi bọ́ọ̀sì àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbé ìkéde Àjíǹde káàkiri, láti Odigbo títí dé Ore. Àwọn obìnrin á dúró nídìí ìkòkò láti pèsè oúnjẹ Gálílì, ìgbafẹ́ tí ìjọ máa ń lọ ní ọjọ́ kejì Àjíǹde.

Ìyá Ìyìn, tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Joanna, gbóhùn sókè díẹ̀. "Pásítọ̀, ẹnu obìnrin ni ayé ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí o."

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Òótọ́ lẹ sọ, Màmá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ ọ́, ta ló gbà wọ́n gbọ́? Bíbélì ní ó dàbí ìsọkúsọ. Àfìgbà tí Pétérù fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wò ó."

Ilé àdúrà bú sẹ́rìn-ín. Joanna yíjú sí ìlà àwọn àgbà ìjọ, ó sì rí Abraham ọkọ rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ gbá orúnkún.

Nígbà tí wọ́n délé, ó gbé oúnjẹ síwájú ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó.

"Bàbá Bùsọ́lá, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀rín wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ fi gbá orúnkún."

"Áà, Ìyá Bùsọ́lá. Ọmọ yẹn ń ṣàwàdà ni."

"Ó dáa. Ìyá mi fi ẹsẹ̀ lásán ṣe àwàdà náà títí ó fi kú, èmi náà sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

"Iṣẹ́ ni wọ́n gbé kúrò lọ́rùn ẹ̀yin obìnrin. Ẹ sinmi."

"Ṣé ìgbà tá a bá ń gúnyán Gálílì la máa sinmi?"

Abraham bu òkèlè. Ó mọ ìyàwó rẹ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ báyìí, ìbínú ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni ìbínú yìí fi bá Joanna dín gàrí. Bí ó ti ń fi igbá ro gàrí nínú agbada ló ń rò ó. Orúkọ obìnrin inú Bíbélì kò kúkú wọ́n nínú ìjọ wọn. Ẹgbẹ́ Dọ́kásì ń rán aṣọ. Ẹgbẹ́ Màtá ń se oúnjẹ. Ẹgbẹ́ Màríà ń gbálẹ̀. Kí ló dé tí kò sí Ẹgbẹ́ Dèbórà? Dèbórà jókòó sábẹ́ ọ̀pẹ, ó ń dá ẹjọ́ fún gbogbo Ísírẹ́lì, balógun kò sì gbà láti lọ sógun bí Dèbórà kò bá bá a lọ. Kò sí àìtó ọ̀pẹ ní Odigbo. Àwọn obìnrin tó bá ti mú abẹ́rẹ́, ìgbálẹ̀ tàbí ìkòkò dání ni wọ́n fún láyè. Àwọn tó la ẹnu, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ sínú ìwé.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó gbé gàrí lọ fún Hàlímọ̀ ní Ore. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni, mùsùlùmí, tó ń ta gàrí fún àwọn arìnrìn-àjò Benin lẹ́bàá títì, ṣùgbọ́n Odigbo ni ilé rẹ̀, ògiri kan ló sì pín òun àti pásítọ̀ níyà.

"Joanna, wọ́n ní ẹ̀rọ ló máa jí wa lọ́dún yìí."

"Wọ́n ti sọ fún ẹ."

"Ta ni wọn ò sọ fún? Èmi ò fẹ́ ẹ̀rọ yín o. Ẹ̀rọ kì í dúró kéèyàn dáhùn, ó kàn ń pariwo lọ bí ẹni tó ń ta oògùn eku." Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Kí lo wá fẹ́ ṣe?"

"Mo ń bínú."

"Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Mo ní kí lo fẹ́ ṣe."

Ìbéèrè náà bá Joanna wọ ọkọ̀ padà sílé.

Nígbà tí àkùkọ kọ ní òwúrọ̀ Àjíǹde, Abraham ti jáde lọ bá àwọn oníbọ́ọ̀sì. Joanna wọ sùtánà rẹ̀, ó di àmùrè, ó mú agogo àti àbẹ́là. Ìyá Ìyìn àti obìnrin méjì péré ló bá a níkorítà. Àwọn yòókù wà nídìí ìkòkò. Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ wá, ọkọ wọn ló ní wọn kò gbọdọ̀ jáde.

Wọ́n rìn dé ilé pásítọ̀. Joanna kan ilẹ̀kùn, ó ké pé, "Olúwa jíǹde."

Jésùtọ́pẹ́ ṣílẹ̀kùn tòun ti pákò lẹ́nu. Nígbà tí ó rí wọn, ó yọ pákò náà.

"Màmá, ṣebí a ti sọ ọ̀rọ̀ yìí."

"Olúwa jíǹde, Pásítọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀. Bí mo bá dá yín lóhùn báyìí, mo ti ba ètò ara mi jẹ́ nìyẹn."

"Mi ò bi yín nípa ètò. Ṣé ó jíǹde ni, àbí kò jíǹde?"

Pásítọ̀ na ọrùn wo ojú títì bóyá bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀. Àwọn aládùúgbò ti ń yọjú. Hàlímọ̀ sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé rẹ̀ pé, "Pásítọ̀, ẹ dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ ká ráyè kírun."

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí bọ́ọ̀sì fi dé, tí ẹ̀rọ ń ké "Olúwa jíǹde" lórí rẹ̀ léraléra. Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Ojú gbogbo ènìyàn wà lẹ́nu ilẹ̀kùn pásítọ̀. Abraham sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú ọkọ̀.

"Bàbá Bùsọ́lá," ni pásítọ̀ wí, "ẹ bá mi mú ìyàwó yín lọ sílé."

Abraham wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, wọn kì í kúrò nílé àkọ́kọ́ láìgba èsì. Bó ṣe wà nìyẹn kí wọ́n tó bí yín." Ó yíjú padà, ó ní kí awakọ̀ pa ẹ̀rọ tó ń ké náà.

Pásítọ̀ tẹ orí ba, ó sọ nǹkan sẹ́nu.

"A ò gbọ́," ni Joanna wí.

"Ó jíǹde ní tòótọ́." Lọ́tẹ̀ yìí, ó dún ketekete. Àwọn tó wà lójúde gbà á lẹ́nu rẹ̀, wọ́n dáhùn pẹ̀lú.

"Màmá, ọ̀rọ̀ yìí ń bọ̀ wá síwájú àwọn àgbà ìjọ," ni pásítọ̀ wí. Ojú ń tì í, inú sì ń bí i.

"Ẹ pè wá. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ohun tá a ṣẹ̀."

Abraham na ọwọ́ láti bá a mú àbẹ́là. Kò fún un.

"Ẹ padà sínú ọkọ̀ yín, Bàbá Bùsọ́lá. Èyí tẹ́ ẹ ṣe lónìí dára, mo rí i. Ṣùgbọ́n inú mi ò tíì yọ́."

Ó kọjú sí ilé kejì, àwọn obìnrin mẹ́ta tẹ̀ lé e. Ìbínú ṣì wà lójú rẹ̀. Ohùn tó fi ké níbẹ̀ le ju ti ọdún èyíkéyìí lọ, àwọn tó wà nínú ilé sì fò dìde lórí ẹní, wọ́n ń dáhùn kí wọ́n tó rí ilẹ̀kùn ṣí.