Ọ̀dà Tuntun Lára Mọ́tò Bàbá Mi

Òórùn ọ̀dà mọ́tò ló pàdé mi lẹ́nu géètì ilé wa ní Òkè-Ìlá lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé náà, kí n tó rí ẹnikẹ́ni. Mo ti mọ ohun tí màmá mi ṣe kí n tó wọlé.

Ayọ́kẹ́lẹ́ onílẹ̀kùn méjì ni mọ́tò bàbá mi, irú èyí tí wọ́n ṣe fún eré àsápajúdé. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí mi. Bàbá mi rà á lọ́wọ́ olùkọ́ òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀, títí tó sì fi kú ló ń sọ pé wọ́n ṣì máa ṣe irú rẹ̀ jáde. N kò gbà á gbọ́, torí n kò rí ẹ̀rí kankan. Lọ́dún kẹta tí a sin ín, lẹ́tà dé: àwọn kan fẹ́ jí ilé-iṣẹ́ náà dìde. Àwòrán tí wọ́n fi ń ṣe mọ́tò náà ti jóná, wọ́n sì ń wá èyí tó ṣì wà bó ṣe jáde gan-an, kí wọ́n lè máa wò ó ṣe tuntun. Wọ́n á rán ẹnì kan wá wo tiwa lọ́jọ́ Ajé.

Màmá mi wo eruku àti ìpẹtà ara rẹ̀. “Ṣé báyìí la ó ṣe fi mọ́tò bàbá rẹ han àlejò? N ó pe pẹ́ńtà. Àbí kò dára?”

Mo rò ó. “Bó ṣe jáde” lè kan ọ̀dà, ó sì lè jẹ́ ẹ́ńjìnnì nìkan. Mo ti kọ̀wé béèrè, wọn kò tíì fèsì. “Kò tíì dá mi lójú, mà,” ni mo wí, mo sì gba ibi iṣẹ́ mi lọ ní Ìgèdè.

Nígbà tí mo dé lọ́jọ́ Sátidé náà, pẹ́ńtà ti họ ọ̀dà àtijọ́ kan irin, ó ti fi pupa tuntun bò ó. Ó ti fi pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ara mọ́tò dí nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀ sára irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, èyí tí wọ́n fi ń dá mọ́tò kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ó rò pé ìpẹtà ló jẹ ibẹ̀.

“Ẹ̀ńjíníà!” ni pẹ́ńtà náà ké sí mi. “Wá wo iṣẹ́ àgbà. Àwọn òyìnbó yẹn á rò pé àná la rà á.”

Màmá mi rẹ́rìn-ín. “Ẹ fi ẹnu yẹn fẹ́ ẹ kó tètè gbẹ.”

Kì í ṣe òyìnbó ló wá lọ́jọ́ Ajé. Ọmọ Yorùbá ni, láti Èkó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò wá nọ́ńbà náà títí. “Àbúrò, ìgbà wo lẹ kùn ún?”

“Lọ́jọ́ Sátidé, sà.”

Ó dìde. “Ó rẹwà, mà,” ló sọ fún màmá mi. Ó mu omi, ó lọ. Èmi dúró níbẹ̀ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí dókítà eléyín gún lábẹ́rẹ́: mo mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, n kò kàn mọ̀ ọ́n lára.

Wọ́n rí òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò tíì tún kùn ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ìyẹn ni wọ́n sì wò ṣe tuntun. Nígbà tí àkọ́kọ́ nínú tuntun jáde, mo fi àwòrán rẹ̀ han màmá mi lórí fóònù. Ó pàtẹ́wọ́. “Bàbá rẹ sọ ọ́! Ṣé tiwa ni wọ́n wò ṣe é?”

“Ó jọ ọ́, mà.”

Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí kì í sọ ju ohun tó dá a lójú lọ kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni màmá mi bi mí nípa mọ́tò yẹn. Kò sí irọ́ kankan nínú èsì méjèèjì tí mo fún un.