Ọwọ́ Tí Ó Wẹ Ọmọ Mi

Fìlà ni mo kọ́kọ́ bá jà. Aránṣọ ni mí nígbà náà ní Lèma, nítòsí Dassa, mo sì rán fìlà funfun kan tí Paskáàlì, àkọ́bí mi, yóò dé lọ sí ìrìbọmi. Nígbà tí mo dé e sí i lórí, ó yẹ̀ sápá òsì. Mo tú u, mo tún un rán, ó tún yẹ̀. Ìgbà kẹta ni mo tó gbé fìlà sílẹ̀ tí mo wo orí. Ọmọ náà ti pé oṣù méjì. Iwájú orí rẹ̀ lápá òsì tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni pé àtẹ́lẹwọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ kúrò. Apá ọ̀tún yọ síta. Ojú òsì ga ju ti ọ̀tún lọ, ìdí imú sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Oṣù méjì gbáko ni mo ti ń fẹnu ko ojú yẹn, n kò rí i, èmi tí mo ń fọ́nnu pé ojú mi kì í ṣi ìlà lára aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà, nítorí ẹni tí irú èyí bá dé bá lónìí kò gbọdọ̀ dúró di ìparí ìtàn mi kó tó mọ̀ ọ́n. Orí ọmọ tuntun kì í ṣe egungun kan ṣoṣo. Egungun pẹlẹbẹ mélòó kan ni, ojú ìsopọ̀ sì wà láàrin wọn bí ojú ìrán ṣe wà lára aṣọ. Àwọn ojú ìsopọ̀ yìí máa ń wà ní ṣíṣí kí ọpọlọ lè ráyè dàgbà. Bí ọ̀kan nínú wọn bá dì pọ̀ kí àkókò rẹ̀ tó tó, orí kò lè gbòòrò níhà ibẹ̀ mọ́, á wá máa wá àyè níbòmíràn, á sì fa ojú àti imú tẹ̀ lé e. Ti Paskáàlì ni èyí tó gba òkè etí òsì lọ sí àwùjẹ̀. Bí ẹ bá fi ìka tọ́ ibẹ̀, ó le, ó sì yọ bí okùn lábẹ́ awọ. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ lórí ọmọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kó tó pé ọdún kan, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe.

Ìyá ọkọ mi ló ń wẹ ọmọ náà. Kì í ṣe tiwa nìkan. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bí ládùúgbò wa, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n gbà kọjá. Á jókòó lórí àpótí kékeré, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun rẹ̀, á fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tẹ orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè rí roboto, á wá fi òrí pa á lára. Ẹni tí orí rẹ̀ bá gún lágbà, wọ́n á ní ìyá yẹn ló wẹ̀ ẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ bá rí wọ́gọwọ̀gọ, wọ́n á bi í pé ta ló fi orí rẹ̀ ṣeré nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Àwàdà ni. Èmi náà ti fi dá àwọn èèyàn lára yá rí.

Mo gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó sún mọ́ wa. Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nọ́ọ̀sì, ọkùnrin kan tó mọ Faransé sọ, wo orí náà fún ìgbà díẹ̀, ó bi mí ta ló ń wẹ ọmọ. Mo ní ìyá ọkọ mi ni. Ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, ọwọ́ ìyá náà ló wúwo jù, ó ti tẹ egungun wọlé. Kò fọwọ́ kan ibi tó yọ bí okùn yẹn rárá. Ó fún mi ní oògùn ibà. Ọmọ kò ní ibà.

N kò jiyàn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ara mi fúyẹ́. Láti ọjọ́ tí mo ti rí orí náà ni mo ti ń bi ara mi pé kí ni mo jẹ nígbà tí mo lóyún, ibo ni mo gbà kọjá lọ́sàn-án gangan. Ní báyìí ẹlòmíràn ló jẹ̀bi, mo sì dì í mú bí ẹni tó rí nǹkan he.

Ìgbà Ìyípadà ni, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba ilẹ̀ wa. Ẹni tó gbé ayé nígbà náà yóò rántí: kámáráàdì ni gbogbo wa, a ó pariwo "Ehuzu", pé nǹkan ti yí padà, kí a tó lè sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, a ó sì fi Faransé bú àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè tí a kò rí rí. Ìjọba ní kí a gbógun ti àṣà àtijọ́ àti àwọn àjẹ́ tó ń fa ìlú sẹ́yìn. Nígbà tí ogun náà máa fi dé ọ̀dọ̀ wa, àwọn arúgbó obìnrin nìkan ló rí bá jà. Nọ́ọ̀sì yìí sì ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ Ìyípadà àdúgbò wa.

Wọ́n pe ìpàdé lórí àpáta pẹrẹsẹ tí a máa ń sá gbọ̀dọ̀ iṣu sí. Wọ́n mú ìyá ọkọ mi dúró láàrin, wọ́n sì ní kí èmi tí mo gbé ọmọ dání sọ ẹni tó bà á lórí jẹ́. Mo ní ìyá ọkọ mi ni.

"Kámáráàdì, ìyá ọkọ pọ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Pe orúkọ rẹ̀."

Lọ́dọ̀ wa, ìyàwó kì í pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ, bó ti wù kó rí. Mo wo ọkọ mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo pe orúkọ náà ketekete. Ìyá àgbà gbójú sókè wò mí nígbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Wọn kò lù ú. Wọ́n gba àpótí rẹ̀, wọ́n sì ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọ ọwọ́ mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tó ń kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó wá wẹ ọmọ ti ń fún un ní orúkọ mìíràn. Aboyún á rí i lọ́nà odò, á yà sínú igbó.

Mo gba ìwẹ̀ ọmọ ṣe fúnra mi. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹnikẹ́ni kò tẹ orí yẹn. Síbẹ̀ ojú òsì túbọ̀ ń ga. Ọmọ kò lè wo nǹkan láìgbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ń bì láràárọ̀. Ó yẹ kí ìyẹn nìkan là mí lójú. Ọwọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, ìbàjẹ́ ń pọ̀ sí i, n kò sì gbà kó yé mi. Nínú oṣù kẹjọ ọdún mo bá àwọn èrò lọ sí Arigbo, níbi tí wọ́n ti máa ń gbàdúrà sí Màríà ní Dassa, mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ihò àpáta, mo bẹ Màríà Mímọ́ pé kó dárí ji ìyá ọkọ mi. Kò wá sí mi lọ́kàn láti tọrọ ìdáríjì fún ara mi.

Àlájà kan tó ń ta òwú fún mi lọ́jà Dassa, tó máa ń lọ ra aṣọ ní Ìbàdàn, ló wo ọmọ náà lọ́jọ́ kan tó ní dókítà kan wà lọ́hùn-ún tó ń la irú orí bẹ́ẹ̀. Èmi àti ọkọ mi gbéra. Ọ̀nà gbà wá ní ọjọ́ méjì, ìdúró sì gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn mo rí ọmọ tí ètè rẹ̀ là dé imú, mo rí èyí tí ẹyinjú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ síta. Àwọn ìyá wọn ń gbọ́ Yorùbá mi ti ìhà Dassa tagbára-tagbára, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wa jọra. Ọ̀kan ní orogún òun ni, èkejì ní aládùúgbò òun ni. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí kò tíì rí ẹni tó máa di ẹ̀bi rù.

Dókítà ya fọ́tò egungun, ó gbé e síwájú iná. Lápá ọ̀tún orí, ìlà kan hàn gbangba. Lápá òsì kò sí ìlà. Mo bi í bóyá ìwẹ̀ ló fà á.

"Ìyá ọmọ, ọwọ́ ènìyàn kò lè ṣe èyí," ni ó wí. "Inú oyún ló ti dì pọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀ ẹ́."

Mo ní ta ló wá jẹ̀bi. Ó ní kò sẹ́ni tó jẹ̀bi. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ inú bí mi sí i, mo kórìíra rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún wa. Bí a bá fi í sílẹ̀, ọpọlọ lè há, ojú lè fọ́. Bí a bá là á, ẹ̀jẹ̀ lè dà jù kí ọmọ kú lórí tábìlì. Ọkọ mi fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n gé awọ orí láti etí dé etí, wọ́n ká a wá síwájú, wọ́n yọ egungun iwájú orí, wọ́n gé ibi tó dì pọ̀, wọ́n tún egungun náà ṣe, wọ́n sì fi wáyà tín-ínrín rán an padà. Èmi tí mo ń ránṣọ, ó yé mi ju bí mo ti fẹ́ lọ. Wọ́n gbé e wọlé láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n tó gbé e jáde. Orí rẹ̀ wú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú méjèèjì fi pa dé fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò rí mi. Ọwọ́ ló fi ń wá mi kiri, ohùn rẹ̀ sì ti há. Ojú egbò kan kẹ̀, a fi lo oṣù kan sí i. Ọjọ́ tí wọ́n tú aṣọ kúrò, ojú méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lójú ìlà kan.

Nígbà tí a dé ilé, mo wọ yàrá ìyá àgbà, mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí dókítà wí fún un. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Níbo lo ti pè mí lórúkọ?" ló bi mí.

Mo ní orí àpáta ni, níwájú ìgbìmọ̀.

"Ibẹ̀ ni kí o lọ sọ ọ́, ìyàwó mi. Èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé n kò ṣe é."

N kò lọ. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá ní akọ̀wé ṣì í, wọ́n á ní mo ń bá Ìyípadà jà. Mo ní ó di ọjọ́ mìíràn. Paskáàlì bẹ̀rẹ̀ sí rìn, ìyá àgbà ni ó sì máa ń rìn lọ bá. Ìyá àgbà á kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á jẹ́ kí ọmọ gbá òun lẹ́sẹ̀ mú, á máa bá a sọ̀rọ̀, kò jẹ́ fọwọ́ kàn án. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ó fi kú. Nígbà tí ìgbìmọ̀ fi tú ká tí ẹnu gbogbo ayé là, kò sí ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún mọ́.

Paskáàlì ti di bàbá ọmọ. Àpá náà gba orí rẹ̀ kọjá láti etí dé etí, irun kì í hù níbẹ̀, ojú òsì sì máa ń rẹ̀ ẹ́ bó bá pẹ́ nídìí ìwé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún egungun tí wọ́n gé tó tún so, fún ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀, fún ọwọ́ dókítà. Ara ọmọ mi dárí jì wá kíákíá. Ó ku ọwọ́ kan tí n kò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyàwó kì í pe ìyá ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Mo ti jẹ èèwọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan kí n lè bà á jẹ́, mo tún ń jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì níbí, níwájú gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Àbẹ̀ní ni orúkọ rẹ̀. Ó wẹ ọmọ mi fún oṣù méjì, kò sì ṣe é ní nǹkan kan.