Àìsàn Tí Kò Dùn Mí

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo wà ní Ìwéré-Ilé. Mo kàn dìde kí n mú sísọ́ọ̀sì ni, àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkìkì bí ẹni tó sáré gun òkè. Mo jókòó padà. Kò síbi tó ń dùn mí, n kò sì kà á sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní fòníkú-fọ̀ladìde bíi tèmi, ẹ mọ̀ pé ìrora la fi ń mọ̀ pé àìsàn ti dé. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni eegun kò ti ta mí. Ìyá mi ní Ọlọ́run ti gba àdúrà wa, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì ń dín àkàrà sàráà. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Àwa òpè!

Bí mo ṣe nawọ́ gba àkàrà báyìí, ó rí àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Rábì, kí ló dé tí ọwọ́ ẹ funfun báyìí?" Ó fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó figbe ta. "Yéè! Ẹ̀jẹ̀ ti tán lára ọmọ mi!"

Ní ọsibítù ní Ṣakí, dókítà bi wá bóyá ara ẹnikẹ́ni gbóná nílé láìpẹ́ yìí. Ọmọ mi, Kudi, ni. Ibà àti ọ̀fìnkìn ọjọ́ méjì péré.

Dókítà ṣàlàyé pé kòkòrò kan tí ojú kò lè rí, fáírọ́ọ̀sì, ló kó ràn mí. Inú mùdùnmúdùn eegun ló ń wọ̀, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, á dá iṣẹ́ ibẹ̀ dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ń pẹ́ lára, wọn kì í mọ̀. Tiwa kì í pẹ́ gbó. Bí tuntun kò bá wọlé, wàhálà dé. Ẹ̀rù ikú bà mí.

Àbúrò mi fún mi lẹ́jẹ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún, dókítà ní eegun ti ń ṣiṣẹ́ padà. Ìyá mi bú sẹ́kún. Èmi béèrè iyán.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró de ìrora. Bó bá ń rẹ̀ yín láìnídìí, ẹ tètè lọ ṣàyẹ̀wò. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣépè fún eegun mi, n kò mọ̀ pé òun ló ń bọ́ mi. Alihamudulilahi.

Nígbà tí mo délé, Kudi kò súnmọ́ mi. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló dúró sí, ó fi ìjáàbù bo imú.

"Màámi, ṣé èmi ni mo pa ẹ̀jẹ̀ yín?"

Omi bọ́ lójú mi. Mo ní, "Wá, jàre. Dókítà ní àìsàn yẹn kì í sábà ṣe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì."

Ó sáré wá. Ó sùn lé mi lẹ́sẹ̀ títí ẹsẹ̀ ọ̀hún fi kú tipiri. N kò gbé e kúrò.