Páànù Lábẹ́ Ẹsẹ̀ Ọlálérè

Kò sí ará Ṣàngótẹ̀dó tí kò gbọ́ nípa ọjọ́ tí olóògbé Ọlálérè fò jáde nínú mọ́tò tó ń rìn. Sùtánà funfun ló wọ̀, kò wọ bàtà, ó ń pariwo, "Ẹsẹ̀ mi o! Ẹsẹ̀ mi ti jinná bí iṣu!" Mọ́tò ò dúró dè é. Ó bá tirẹ̀ lọ, ó wọ ṣọ́ọ̀bù oní-fóòmù, iṣu ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì tó kó sẹ́yìn sì fọ́n ká títì. Àwọn ewúrẹ́ ló ṣe ìkórè lọ́jọ́ náà.

Gàníyù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń lu ara mọ́tò tó bá wó ní Ajah jẹun, ti kìlọ̀ títí ẹnu fi fẹ́ bó o. Ọlálérè ra ògbólógbòó píkọ́ọ̀pù tí ìpẹtà ti jẹ tán, ó ní òun á fọwọ́ ara òun tún un ṣe. Ọwọ́ wo? Ó já páànù orí ilé adìyẹ, ó lù ú gbàgà-gbàgà lórí dírọ́ọ̀mù, ó fi ṣe ilẹ̀kùn, ó fi ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tún fi tẹ́ ilẹ̀ mọ́tò!

"Ooru ẹ́ńjìnì máa sun ẹ́," Gàníyù sọ fún un.

"Páànù tó ti ń gba oòrùn látọjọ́ aláyé ti dáyé, ooru ẹ́ńjìnì ló máa wá bà á lẹ́rù?"

"Kì í ṣe páànù ni mo ń bá wí, ẹsẹ̀ ẹ ni. Wọ bàtà, jàre."

"Bàtà pẹ̀lú sùtánà? Èèwọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Músùlùmí ni ẹ́, o ò lè mọ̀."

Olóríkunkun! Ní ìkórè ọdún kejì, bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí lójú ọ̀nà, ó bo gíláàsì iwájú pátápátá. Ọlálérè rò pé ilẹ̀ ti ṣú, ó bá tan iná. Inú gọ́tà ló ti rí i pé ọ̀sán ni.

Ẹ̀jẹ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ ṣàìsàn dójú ikú, Ọlálérè jẹ́jẹ̀ẹ́ pé tí obìnrin náà bá yè, ọkọ̀ tí òun fọwọ́ ara òun lù ni yóò gbé ìkórè dé ṣọ́ọ̀ṣì. Sẹ̀gilọlá yè. Ọlálérè kú kí ìkórè kẹta tó dé.

Ni opó bá wá bá Gàníyù. "Bàbá Fàrídátù, ẹ bá mi wa mọ́tò náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Torí tèmi ló fi jẹ́jẹ̀ẹ́. Kò yẹ kó jẹ gbèsè Ọlọ́run lọ."

"Ìyàwó, jẹ́ kí n kọ́kọ́ pààrọ̀ pálapàla ilẹ̀ yẹn."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án o! Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fi jẹ́jẹ̀ẹ́."

Gàníyù pòṣé. Lọ́jọ́ ìkórè, ó bú olóògbé títí ó fi dé ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò. Ibẹ̀ ló ti bọ́ bàtà rẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ ò wọ sùtánà?" Sẹ̀gilọlá bi í.

"Tí mo bá wọ bàtà, Ọlálérè á ní mo rẹ́ òun jẹ."

Kí wọ́n tó dé Ṣàngótẹ̀dó, páànù ti gbóná. Gàníyù ń gbé ẹsẹ̀ kan, ó ń sọ ìkejì kalẹ̀. "Ẹsẹ̀ mi o! Ọlálérè, o ò dáa!" Oní-fóòmù tajú kán rí mọ́tò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọjà wọlé. Sẹ̀gilọlá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n dé ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, iṣu kan ò já bọ́. Gàníyù sọ̀kalẹ̀ sórí iyanrìn tútù, ó fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn wíwọ́ náà pẹ́pẹ́.

"Ọlálérè, ó burẹ́wà," ó ní. "Ṣùgbọ́n ó ti dé o." Àárò ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, ó sì dúró níbẹ̀ láìwọ bàtà títí wọ́n fi kó iṣu tó gbẹ̀yìn wọlé.