Àwọn Tó Wá Wo Ilé Mi

Éjẹ́ǹtì tó ń bá mi ta ilé ní kí n fi ọ̀dà kun ògiri kí àwọn olùrà tó dé. Mo kùn ún láti ilẹ̀ dé ìbàdí, nítorí ibẹ̀ ni ìlà tí omi fi sílẹ̀ wà.

"Dádì, tí wọ́n bá dé, ẹ ṣáà máa rẹ́rìn-ín," ló wí. "Èmi ni mo máa sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá bèèrè omi, ẹ ní bọ̀rọ̀hóò wa ń ṣiṣẹ́ dáadáa."

Mo fẹ́ kí ilé náà lọ kí òjò tó dé. Ọmọ mi kan ṣoṣo ti ń pè mí sí Ìbàdàn láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, orúnkún mi kò sì lè gbé bẹ́ẹ̀dì sórí búlọ́ọ̀kù mọ́ nígbà tí omi bá wọlé. Ogún ọdún tí mo fi jó irin níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Snake Island ni mo fi kọ́ ilé náà sí Ajégúnlẹ̀.

Tọkọtìyàwó kan ló wá. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní dípò epo kan ní Liverpool Road nítòsí ibẹ̀, ìyàwó lóyún, oyún náà ti hàn dáadáa. Ọkọ wo ògiri pálọ̀.

"Bàbá, sọ́kẹ́ẹ̀tì yín mà ga o. Ó dé mi láyà."

Kí n tó lanu, éjẹ́ǹtì ti dáhùn. "Nítorí ọmọdé ni! Àbí ẹ fẹ́ kí ọmọ ki ìka bọ iná? Bàbá ti bá yín ro ti ọmọ kí ẹ tó dé."

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. Ó bèèrè màmá ilé. Mo ní ó ti di olóògbé lọ́dún tó kọjá.

"Ẹ kú ìrọ́jú o, bàbá. Kí ló ṣe wọ́n?"

Éjẹ́ǹtì wo ojú mi.

"Àìsàn ni," mo wí.

Irọ́ kọ́. Àyà rẹ̀ ló ń há, kò rí èémí mí. Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ mọ́jú, kánààlì ti kún, kò sí ọkọ̀ tó lè wọ àdúgbò wa. Èmi àti ará ilé kejì gbé e lórí àga, omi dé ìbàdí wa. Kí a tó dé títì, ọwọ́ tó fi di ọrùn mi mú ti tú. N kò lè sọ bó ṣe kú kí n má sọ bí ilé náà ṣe rí.

A dé yàrá ẹ̀yìn. Ìyàwó fẹ́ràn rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí igun kan, ó ní, "Ibí la máa gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ sí." Ọkọ ní kó gbé e síbi tó bá wù ú. Éjẹ́ǹtì ti ń fọwọ́ ra ọwọ́.

"Ẹ má gbé e síbẹ̀," mo wí. "Igun yẹn ni omi ti máa ń kọ́kọ́ jáde."

"Omi wo?" ọkọ bi mí.

Mo sọ fún wọn. Mo sọ ti yanrìn tí a dà sí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ilé lè ga ju omi lọ, ti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo gbé sókè nítorí omi, ti ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Mo sọ ti àga náà. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Àní ọmọ mi, àìsàn ni mo wí fún òun náà.

"Dádì, ta ló bi yín?" éjẹ́ǹtì pariwo. "Ta ló bi yín ní gbogbo ìyẹn?"

Ọkọ pòṣé, ó jáde. Éjẹ́ǹtì sáré tẹ̀lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó dúró.

"Bàbá, ṣé wọ́n sọ nǹkan lórí àga yẹn?"

"Ó ní kí n rọra, kí n má ṣubú."

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo pe ọmọ mi, mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún wọn. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní ó ti tó ọdún kan tí òun ti ń sọ fún ènìyàn pé àìsàn ló pa ìyá òun, láìmọ̀ ti omi àti ti àga. Lẹ́yìn náà ló ní kí n má tíì máa bọ̀ ní Ìbàdàn.