Epo Dòdò Nínú Mọ́tò Bísí

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ mi pa mí lẹ́nu mọ́ ní Peckham, ní London níbí, lónìí!

Bísí, àkọ́bí mi, ra mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì àti kíṣìnnì nínú. Ó fẹ́ dá wà á lọ sí Scotland. Mo ti pinnu pé kò ní lọ.

Mo wọ inú ẹ̀ lọ dín dòdò fún un níwájú ilé. Gbogbo epo inú páànù ya sí ẹ̀gbẹ́ kan!

Mo pariwo, "Bísí! Mọ́tò yìí fẹ́ dojú dé!"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mummy, títì ló fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í ṣe mọ́tò. Ẹ pa gáàsì, ẹ sọ̀kalẹ̀, please."

Ó fi ike méjì tó ga sókè díẹ̀díẹ̀ síwájú táyà ẹ̀gbẹ́ tó rẹlẹ̀. Ó rọra wa mọ́tò gùn wọ́n, ó fa bíréèkì.

"Ó yá, Mummy, ẹ padà sídìí dòdò yín."

Epo tẹ́jú pẹrẹsẹ!

Ọmọ tí mo ṣì ń pè láràárọ̀ pé ṣé ó ti jẹun! Orí mi wú.

Mo ní kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ibikíbi tó bá páàkì sí, kó fi fọ́tò epo inú páànù ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ̀yin tọ́mọ yín ti dàgbà, ṣé ìyẹn ti pọ̀ jù ni?