Ọkọ̀ Bàbá Tó Ń Kú Lórí Òkè Ngwo

Òórùn epo bẹntiróòlù lórí òkè Ngwo ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, níbi tí ọkọ̀ Bàbá ti máa ń kú. Ọdún tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ ní Enugu ni. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, mo sì gbà pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀. Bàbá, akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, àti Màmá ìyàwó rẹ̀ jẹ́ Yorùbá bíi tèmi, wọ́n sì ti ń gbé ní àdúgbò Obiagu láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu mi, ni wọ́n bá sọ mí di ọmọ ilé.

Ọkọ̀ náà ti gbó, ṣùgbọ́n ó ń dán. Bí Bàbá bá ṣáná sí i lẹ́nu ọ̀nà, á dún dáadáa, á gbéra, kò sì ní ju ìdajì òkè Ngwo lọ tí á fi kú. Bí a bá jókòó díẹ̀, á tún jí, àfi bíi pé kò sí ohun tó ṣe é. Òun ló ń gbé Màmá lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orúnkún rẹ̀ ní Ninth Mile, lẹ́yìn òkè náà, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, nítorí Màmá ò lè gun bọ́ọ̀sì mọ́. Àwọn ọmọ wọn ti sọ lórí fóònù pé bó bá tún dá wọn dúró lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn á tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin.

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní kí Bàbá má ṣèyọnu, pulọ́ọ̀gì ló ti bàjẹ́. Mo pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fúnra mi, mo nu ọwọ́, mo jókòó síwájú bí ọ̀gá. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, orí òkè náà ló tún kú sí, tòun ti Màmá lẹ́yìn tó ń fọwọ́ pa orúnkún. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wẹ̀yìn. Mẹkáníìkì tí a pè yẹ kabúrétọ̀ wò, ó yẹ pọ́ǹpù epo wò, ó mi orí.

"Papa, this motor don old. Sell am."

Nígbà tí àwọn ọmọ wọn gbọ́, wọ́n ní ẹni tí yóò rà á ń bọ̀ ní Sátidé. Bàbá kàn ń fi aṣọ nu bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Màmá fẹ́ po tíì fún mi. Ó lu ihò kan sí agolo mílíìkì, ó da ojú rẹ̀ dé, mílíìkì ò jáde. Ó lu èkejì sí òdìkejì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo gbàgbé tíì. Ohun tí mo ń pariwo rẹ̀ ní kíláàsì ni: bí afẹ́fẹ́ ò bá ráyè wọlé, ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ní ṣàn. Mo wá rántí ìdérí táǹkì epo ọkọ̀. Láti ìgbà tí omi òjò ti kó sínú epo ni Bàbá ti fi ọ̀rá wé ìdérí náà, tó sì ń fi rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ dì í pinpin. Ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró nìkan ni afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń ráyè yọ́ wọlé.

Ṣùgbọ́n báwo ni ọmọdé ṣe máa sọ fún àgbà pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń pa ọkọ̀ rẹ̀? Ìyẹn dà mí láàmú ju ẹ́ńjìnnì lọ. Ní àárọ̀ Sátidé, mo kúnlẹ̀, mo bẹ Bàbá pé kí a gbé e gun òkè lẹ́ẹ̀kan péré. Ọkọ̀ náà kú síbi tó máa ń kú sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi ṣí ìdérí táǹkì, kí ẹ sì fetí sí i."

Ó tú rọ́bà, ó yí ìdérí. Táǹkì fa afẹ́fẹ́ sínú, fììì, bí ẹni tó ti ń di èémí mú tipẹ́. Bàbá wò mí, ó wo ọ̀rá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣáná, ọkọ̀ sì dáhùn lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ pé a jókòó dúró dè é.

"Àṣé èmi ni mo ń fún un lọ́rùn!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àṣejù, baba àṣetẹ́."

Ó ju ọ̀rá náà nù, a sì wakọ̀ dé Ninth Mile, a padà, kò kú. Ẹni tó fẹ́ rà á àti mẹkáníìkì ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mẹkáníìkì béèrè ẹni tó tún un ṣe. Mo ti gbà nínú ọkàn mi pé kí Bàbá sọ pé òun ni. Ó fà mí síwájú.

"Na my daughter do am."

Ó ní òun ò ta ọkọ̀ mọ́. Ó wá yíjú sí mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Mo rí ohun tí o ṣe. O jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ṣí i."

Mo ti gba oríṣiríṣi ìwé ẹ̀rí láti ìgbà náà, inú mi sì dùn sí wọn. Síbẹ̀, ti orí òkè yẹn ni mo fi ń yangàn jù. Físíìsì ni mo fi mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún Bàbá, ìyá mi ló kọ́ mi, kò sì mọ̀wé.